Ilé Búrẹ́dì Wa Kò Jóná: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ni

Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Láti Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí mo wà, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Mo kí Bùọ̀dá Mùnírù àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí gbé ohùn sókè díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ṣakí, pàápàá àwọn tó ti ń wá bá yín kẹ́dùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo wà láàyè, mo jẹun láàárọ̀ yìí, irun orí mi ò sì dín ẹyọ kan.

Bàbá, mo ti sọ fún yín lórí fóònù pé nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Mùnírù ní àwọn èèyàn ò gbà. Wọ́n ní àwọn fi ojú ara àwọn rí fídíò náà lórí Wásáàpù: èéfín funfun ń rú, obìnrin kan ń pariwo iná, àwọn èèyàn ń gbé garawa omi sáré, èmi náà sì ń sá kọjá, mo funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹ kàn ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́ ni. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé ọmọ ìlú wa kan ní Ìbàdàn ti ṣe sàráà fún mi. Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí jáde ní gbangba, kí gbogbo ẹni tó wo fídíò yẹn lè kà á. Iná kò jó ilé búrẹ́dì wa. Àkísà kan àti àpò òfìfo kan ló jó, màá sì dé orí wọn. Ohun tí ẹ rí nínú fídíò kì í ṣe èéfín rárá. Fùláwà ni.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ Alhaja Nímọ́tà, àwọn tó ni ilé búrẹ́dì náà. Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí búrẹ́dì bá wú dáadáa, Alhaja ló ṣe é. Tó bá rún, Sìkírátù ni. Ojú ọjọ́ ibí ò tíì mọ́ mi lára. Ní Ṣakí, tí òjò bá fẹ́ rọ̀, á ṣú, atẹ́gùn á fẹ́, èèyàn á ráyè ká aṣọ. Òjò Ìjẹ̀bú kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Aṣọ tí mo bá fọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbẹ, tó bá máa gbẹ. Èdè wọn ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, bí Alhaja bá ń bá àwọn ẹbí wọn sọ Ìjẹ̀bú, mo máa ń rò pé ìjà ni. Ìkíni ni. Mo ti mọ ìyàtọ̀ báyìí, nítorí mo ti rí ìjà gan-an.

Ohun tó le jù fún mi ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a kì í ṣiṣẹ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, màá máa gbọ́ bí àwọn ará ilé tí mo háyà sí ṣe ń pe orúkọ ara wọn láti yàrá dé yàrá. Kò sí ẹni tó ń pe tèmi. Ìyá mi, ẹ má sunkún. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà Ìjagun, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wa láràárọ̀. Inú Alhaja dùn débi pé wọ́n se ẹyin fún gbogbo wa, méjì-méjì. Ẹyin náà ò tíì dà nínú wa tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pé kí a kọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí àwọn panápaná wá, kí àwọn lè mọ̀ pé ilé wa ò léwu. Tí a ò bá rí i mú wá kí àwọn ọmọ tó wọlé, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Alhaja sì ti sọ fún mi ní bòókẹ́lẹ́ pé bí fùláwà ṣe wọ́n tó yìí, tí iṣẹ́ yẹn ò bá bọ́ sí i, àwọn ò mọ̀ bóyá gbogbo wa mọ́kọ̀ọ̀kànlá la ṣì máa wà níbi iṣẹ́ títí ọdún á fi parí. Mo wo ara wa yíká. Àwọn yòókù lẹ́bí nítòsí, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ní Ìbẹfun, ní ìlú náà gan-an. Mo mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé.

Mo wá lọ sí ọ́fíìsì àwọn panápaná. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní ìwé tó sọ ohun tí wọ́n máa wá wò, wọ́n sì dá ọ̀sẹ̀ méjì fún wa.

Bàbá, ojú tì mí bí mo ṣe ń ka ìwé náà tí mo sì ń wo ilé wa. A ní agolo ìpaná pupa kan lóòótọ́. Iṣẹ́ tí mo bá a lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni pé ó ń di ilẹ̀kùn iwájú mú kí atẹ́gùn má baà tì í. A ní garawa yanrìn mẹ́ta tó yẹ ká fi máa pa iná. Adìyẹ Alhaja kan ti sọ ọ̀kan di ilé ìgbẹ́bí, ó sàba lé ẹyin mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì sún mọ́ ọn, á fò mọ́ onítọ̀hún lójú. Wáyà iná mànàmáná wa lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí bí nínú jù ni Bàbá Alààrò. Àgbàlagbà kan láti Ìbẹfun ni wọ́n, ìdílé tó ń bọ Ògún ni wọ́n ti wá, àwọn ló sì ti ń bójú tó ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì láti ìgbà tí Alhaja ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ọdún wo ni wọ́n bí ọmọ panápaná tó fẹ́ wá kọ́ àwọn ní ọ̀rọ̀ iná. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀: lọ́dún tí wọ́n bí i, àwọn ti ń yan búrẹ́dì. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń koná.

A ṣe èyí tí a lè ṣe. A pe ẹni tó tún wáyà ṣe. A ra agolo ìpaná tuntun méjì, a so wọ́n mọ́ ògiri. A gbé sìlíńdà gáàsì jìnnà sí ààrò. Adìyẹ nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí náà a ra garawa mìíràn, a fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù. Ìwé panápaná ní ilé tí èèyàn tó tó tiwa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì. Tiwa ò ju ọ̀kan lọ.

Nígbà tí mo sọ fún Alhaja, wọ́n ní kí n má dààmú. Lọ́jọ́ kejì, mo wọlé, mo bá akunlé kan lórí àkàbà. Ó ń fi ọ̀dà pupa kọ Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE gàdàgbà-gadagba sára ògiri tí kò ní ihò kankan. Ó tilẹ̀ ya ọfà sí i. Ọfà náà ń tọ́ka sí sìmẹ́ǹtì. Mo kúnlẹ̀ bi Alhaja léèrè pé tí iná bá ṣẹlẹ̀, ṣé inú ògiri la máa wọ̀. Alhaja ní ìjọba ní ká kọ ọ́, a ti kọ ọ́.

Bàbá Alààrò ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà. Wọ́n fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ibi tí a máa ń to àpò fùláwà sí dé òkè àjà. Wọ́n ní ilé bàbá Alhaja ni ilé yìí. Nígbà tí bàbá kú, iwájú di ti Alhaja, wọ́n sọ ọ́ di ilé búrẹ́dì. Ẹ̀yìn di ti àbúrò wọn obìnrin, Sàfúrà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Sàfúrà. Ilẹ̀kùn yẹn ló wà láàárín méjèèjì. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Alhaja ti fi àgádágodo sí i, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa to fùláwà dí i. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ò sì sọ̀rọ̀ síra wọn látìgbà náà. Mo lọ bá Alhaja pé mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Alhaja ní kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, ògiri ni. Ojú tí wọ́n fi wò mí jẹ́ kí n gbà pé ògiri ni.

Àkísà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló yí ọkàn wọn padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kan gbé páànù gbígbóná lé àkísà olóróró lórí nítòsí ilẹ̀kùn iwájú. Kí a tó mọ̀, ó ti gbiná, iná ti mú àpò òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wà láàárín àwa àti ẹnu ọ̀nà. Bàbá, iná náà ò ga ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni gbogbo wa sá sí. A sáré dé ara ògiri tí wọ́n kọ Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE sí, a sì dúró síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń po fùláwà ń fi ọwọ́ pa ògiri náà kiri bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Alhaja wà láàárín wa, ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ ọfà. Kò sẹ́ni tó rántí agolo ìpaná tuntun. Bàbá Alààrò ló rẹ àpò kan sínú omi, wọ́n dà á bo iná náà, ó kú.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alhaja yíjú wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá ní kí a kó fùláwà kúrò lójú ilẹ̀kùn.

A kó o títí ọ̀sán. Ilẹ̀kùn náà yọ, ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ tó wúwo, àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá Alààrò fi ayùn gé e. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí lọ sẹ́yìn lọ sọ fún Màmá Sàfúrà. Alhaja ní ilẹ̀kùn bàbá àwọn ni, àwọn ò ní í tọrọ ààyè kí àwọn tó ṣí i, pé tí n bá gbé ẹsẹ̀ kan lọ sí ẹ̀yìn, kí n gbé èkejì lọ sí Ṣakí. Mo dúró.

Bàbá Alààrò àti ọkùnrin méjì fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà. Kò mì. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kejì, a gbọ́ ìró páànù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn, férémù rẹ̀, àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà jọ jáde pọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ láàárín wa ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn náà ò ti ṣí mọ́, Màmá Sàfúrà ti sọ ìdí rẹ̀ di balùwẹ̀. Wọ́n fi páànù yí apá mẹ́ta ká. Ilẹ̀kùn wa ni ìkẹrin. Wọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ọṣẹ wà lójú wọn.

Àpò fùláwà méjì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wó tẹ̀lé àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sì bẹ́. Gbogbo ibẹ̀ funfun. Màmá Sàfúrà kàn mọ̀ pé nǹkan wó lu àwọn tí ibi gbogbo sì ń rú, wọ́n fi igbe ta: "Olè! Iná! Iná o!" Àwọn ará àdúgbò gbọ́ iná, wọn ò gbọ́ olè. Kíá, garawa omi ti ń wọlé láti iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta dojú bolẹ̀, wọn ò jẹ́ gbé orí sókè nítorí ìtìjú. Èmi ń sáré wá ìró tí màá fi bo Màmá, ibẹ̀ ni fídíò ti mú mi. Ẹni tó ya fídíò dúró lójú títì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò rí balùwẹ̀. Àmọ́ ó rí funfun tó ń rú gba orí òrùlé, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ilé búrẹ́dì ti jóná.

Fùláwà pàdé omi ọṣẹ, omi garawa pàdé méjèèjì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Màmá Sàfúrà dúró nínú ìró tí mo jù bò wọ́n, fùláwà pípò lẹ̀ mọ́ wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá Alààrò, tí wọ́n ṣì dojú bolẹ̀, ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé yíìsì ló kù.

Alhaja yọjú láti ihò ilẹ̀kùn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Alhaja sọ sí àbúrò wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ni: "Sàfúrà, so ìró ẹ dáadáa."

Màmá Sàfúrà fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́dún mẹ́jọ. Ìgbà tí mò ń wẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ṣí i!"

Àwọn ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ò rẹ́rìn-ín. Alhaja wọlé padà, wọ́n ní kí a wá tapólì fi bo ojú ihò náà.

Ẹ rò pé ó parí? Àyẹ̀wò ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ já sí gbangba, kò gbọdọ̀ já sí balùwẹ̀ ẹnikẹ́ni, Màmá Sàfúrà sì ti tún páànù wọn tò. Èyí tí wọ́n tò lọ́tẹ̀ yìí nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alhaja ò lè lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rán mi.

Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé búrẹ́dì gbígbóná dání. Màmá Sàfúrà gba búrẹ́dì, wọn ò gbà mí. Wọ́n ti géètì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ṣúgà búrẹ́dì àná ò tó, kí n sọ fún ẹni tó rán mi. Mi ò sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo ti wá, mo ní Ṣakí. Wọ́n bi mí bóyá bàbá àti ìyá mi wà láàyè, mo ní wọ́n wà, mo dúpẹ́. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo rí wọn kẹ́yìn. Bàbá, mo ní láti rò ó kí n tó dáhùn, mo sì rí i pé wọ́n ń wo bí mo ṣe ń rò ó.

Wọ́n wá sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ fún mi. Mẹ́kà ni Alhaja wà nígbà tí ìyá wọn kú. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín. Nígbà tí Alhaja dé, omi Sámúsámù tí wọ́n gbé bọ̀ fún ìyá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi àbúrò wọn: kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí? Wọn ò gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n lọ ra àgádágodo.

Màmá Sàfúrà ní ohun kan wà tí àwọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ìyá wọn kú, ojú ìyá ti ṣú, Nímọ́tà ni wọ́n sì ń pè. Nímọ́tà dà? Nímọ́tà ti dé? Màmá Sàfúrà ní àwọn kọ́kọ́ ń ṣàlàyé pé Mẹ́kà ló wà. Kò wọ ìyá létí, wọ́n ń pè é ṣáá. Àwọn wá di ọwọ́ ìyá mú, àwọn ní, "Èmi rèé, Màámi. Nímọ́tà ti dé." Ara ìyá rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún Nímọ́tà, àdúrà gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán, Sàfúrà sì ń ṣe àmín ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Màmá Sàfúrà ní: "Àdúrà tí ìyá wa gbà kẹ́yìn, èmi ni mo gbà á sọ́wọ́, kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn."

Wọn ò ní kí n jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọn ò sì ní kí n má jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaja ní ìdí àpò fùláwà, mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọn ò sunkún. Wọ́n jókòó lórí àpò kan, wọ́n ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní kí n lọ wo ààrò. Mo ní Bàbá Alààrò wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo Bàbá Alààrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, mo tètè dé. Tapólì ti kúrò lójú ihò ilẹ̀kùn, mo sì ń gbọ́ ariwo Ìjẹ̀bú lẹ́yìn, ohùn méjì tó ń gba ara wọn lẹ́nu. Mo ju àpò mi sílẹ̀, mo sáré. Alhaja àti Màmá Sàfúrà jókòó sórí àga gbọọrọ kan, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan wà láàárín wọn, wọ́n sì ń jiyàn lórí bóyá ìyá wọn máa ń kọ́kọ́ fi ata sí i ni àbí epo. Ojú àwọn méjèèjì wú bí ojú ẹni tó ti sunkún. Balùwẹ̀ ti tú, páànù ti wà nílẹ̀. Alhaja rí mi, wọ́n ní kí ni mò ń wò, pé ṣé mi ò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi búlọ́ọ̀kù kọ́ balùwẹ̀ mìíràn fún Sàfúrà níbi tó jìnnà sí ọ̀nà. Màmá Sàfúrà ní kí wọ́n fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn náà padà, tó ń ṣí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, tí àwọn panápaná dé. Ọ̀gá wọn, obìnrin kúkúrú kan, ló ṣáájú, bàtà wọn ń dán, ohùn wọn ò ga. Wọ́n wo wáyà, wọ́n wo gáàsì. Wọ́n fẹ́ wo inú garawa àkọ́kọ́, adìyẹ fò mọ́ wọn lójú. Wọ́n bi Alhaja pé kí ni iṣẹ́ adìyẹ yìí. Alhaja ní ọlọ́dẹ ni. Ọ̀gá ní kí a má ka garawa yẹn mọ́ ti yanrìn.

Wọ́n kan Bàbá Alààrò. Wọ́n bi wọ́n pé tí iná bá sá kúrò nínú ààrò, kí ni wọ́n máa ṣe. Bàbá Alààrò ní àwọn máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí kò bá wá gbọ́ ńkọ́? Bàbá Alààrò rò ó díẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ní nígbà náà, àwọn máa fi ilé sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé wọn. Wọ́n ní ìdáhùn tó dáa jù tí àwọn gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Alààrò ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ló kọ́ àwọn panápaná níṣẹ́.

Níkẹyìn, ọ̀gá bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja ní ọwọ́ àwọn ni. Màmá Sàfúrà, tí ẹnikẹ́ni ò pè, yọjú pé ọwọ́ àwọn ló yẹ kó wà, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ló ṣí sí. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án: níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ilẹ̀kùn náà ò gbọdọ̀ wà ní títì. Alhaja bi wọ́n bóyá títí kan ọjọ́ tí inú bá ń bí èèyàn. Ọ̀gá ṣí ìwé wọn, wọ́n wò ó lóòótọ́, wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀rọ̀ inú bíbí níbẹ̀.

A gba ìwé ẹ̀rí náà. Búrẹ́dì wa ń lọ sí ọ̀nà Ìjagun láràárọ̀, mo sì wà níbi iṣẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Sàfúrà ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láràárọ̀ láti wá sọ fún wa pé ṣúgà ò tó. Alhaja á pariwo pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Wọ́n á ní ìjọba ló ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Alhaja á wá ní kí a gbé àga fún wọn.

Bàbá mi, Ìyá mi, ọ̀rọ̀ tí Màmá Sàfúrà sọ ò kúrò lára mi. Mo máa ń tan ara mi pé ìgbà tí nǹkan bá dára sí i ni màá wálé, ìgbà tí òjò bá dá, ìgbà tí Alhaja bá rí ẹni tó máa dúró fún mi. Mo ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ Alhaja báyìí. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Iléyá tó ń bọ̀ yìí, Ṣakí ni màá ti ṣe é. Ìyá mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣe àmín sí àdúrà yín. Tí ẹ bá pe Sìkírátù, Sìkírátù gan-an ni kó dáhùn.

Mo kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n bá yín ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí ẹ̀yin náà bá mi bẹ́ẹ̀. Kó dáàbò bo ilé yín lọ́wọ́ iná, lọ́wọ́ omi, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fídíò. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ṣe sàráà mi ní Ìbàdàn pé Ọlọ́run á san án fún un, mo gbọ́ pé ẹran pọ̀ níbẹ̀.

Èmi ọmọ yín tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́,
Sìkírátù